Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti kọ àlàyé ìlò ẹ̀rọ?

Tíṣà_Kọ̀ǹpútà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ 30 ni mò ń kọ́ láti kọ àlàyé ìlò ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà 15 la sì ní. Bí mo bá ṣàlàyé, wọ́n á ní ó ti yé àwọn. Kí wọ́n wá kọ ọ́, wàhálà dé. Mo fẹ́ kí wọ́n máa kọ́ ara wọn. Kí lẹ ti lò tó ṣiṣẹ́?

Atọ́nà: Kọ̀ǹpútà 15 yẹn gan-an ló dáa. Ẹ pín wọn ní méjì méjì. Kí ẹnì kan kọ ìlànà, kí ẹnì kejì tẹ̀ lé e nídìí ẹ̀rọ, kí ẹni tó kọ ọ́ sì panu mọ́. Kò gbọdọ̀ fọhùn rárá! Ọmọ kan kọ bí a ṣe ń yọ ìwé tó há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: "Ṣí ìdérí rẹ̀." Méjì ni ìdérí ẹ̀rọ ọ̀hún. Ẹnì kejì rẹ̀ ṣí ti ẹ̀yìn, ó ń yọjú wo inú, kò rí nǹkan kan. Òǹkọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu, ara ń ta á. Nígbà tó tún un kọ, ó ní: "Ṣí ìdérí iwájú, èyí tó wà lábẹ́ iná aláwọ̀ ewé." Èmi ò sọ nǹkan kan fún un.

Alákọsílẹ̀: Òótọ́ ni. Ẹ fi Google Docs, ètò ìkọ̀wé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ lò, kún un. Kí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò yí i sí Suggesting, níbi tí àtúnṣe ti máa ń jẹ́ àbá lásán, kó má bàa pa ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ rẹ́. Version history, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn àtúnṣe tó ti wáyé, á sì fi ẹni tó kọ kiní hàn yín, torí àwọn tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹgbẹ́ ò lè ṣàì sí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ rọra o. Mo dán an wò, "ó dáa" àti "ẹ kú iṣẹ́" nìkan ni wọ́n ń kọ síra wọn. Mo bá fòfin de ìyìn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ibi tó ti dúró àti ohun tó rò pé gbólóhùn náà ń sọ.

Ẹlẹ́rọ: Ẹ máa pààrọ̀ òǹkàwé pẹ̀lú. Lọ́dún 2000, Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí nǹkan ṣe lè rọrùn láti lò, kọ ọ́ pé tí ènìyàn márùn-ún bá dán nǹkan wò, wọ́n tó láti rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àléébù rẹ̀. Ẹni tó ti kà á lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀nà, kò lè ṣìnà mọ́.

Tíṣà_Kọ̀ǹpútà: Mo dúpẹ́ gan-an ni. Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, torí "ó dáa" lèmi náà ń kọ sí iṣẹ́ wọn láti oṣù yìí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé la ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tiwa, ìdérí mẹ́ta ló ní.