Iná ìta wo ni kò ní yọ aládùúgbò lẹ́nu?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì fẹ́ fi iná sí ẹnu géètì àti ẹ̀yìnkùlé nítorí olè, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa wọ yàrá ẹlòmíràn tàbí kí ó máa tàn sójú ọ̀run lásán. Iná sólà funfun tí mo kọ́kọ́ gbé sórí fẹ́ǹsì mọ́lẹ̀ débi pé ìyá àgbà tí a jọ pààlà ní láti fi aṣọ ìbora dí fèrèsé wọn. Bí òjò bá sì dá, èsúnsún a bò ó, ìyẹ́ wọn a kún ilẹ̀ bámúbámú. Mo ti sọ ọ́ kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé gílóòbù tí Kelvin rẹ̀ (ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) kò ju 2700 sí 3000 lọ máa ń pọ́n bí iná fìtílà, kì í sì í fa kòkòrò tó èyí tó funfun, àti pé ó yẹ kí iná ní ìbòrí lókè kí ó lè dojú kọ ilẹ̀ nìkan. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé èyí tí ń tàn kìkì nígbà tí ènìyàn bá ń kọjá yóò dára lẹ́nu géètì, àbí ewúrẹ́ àdúgbò yóò máa tàn án ṣáá? Ṣé wẹ́dà lè fi páànù ṣe ìbòrí náà fún mi?