Wọ́n pe ẹ̀rọ mi ní pósí lójú gbogbo èèyàn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkànbí: Ẹ kú ilé o. Láti Sátidé ni inú ti ń bí mi. Àwa mẹ́fà la jọ ń san owó háńgà ní pápá kékeré kan lẹ́yìn San Antonio ní Texas, níbi tí a ti ń fo gyro, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ní rotor (apá gígùn tó ń yí lórí) àti propeller (abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn). Bí a bá pàdé, èmi ni mo máa ń ra ẹran súyà, èmi náà ni mo ra áńbúrẹ́là tí gbogbo wọn ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wa tó máa ń ṣe bí ẹni pé òun ló dá afẹ́fẹ́. Bí mo ṣe ń ti ẹ̀rọ mi jáde, ó pariwo níwájú àwọn ìyàwó wa pé, "Pósí lo ń tì yẹn!" Ó fa kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì yọ, ó jù ú sápò. Ẹni tó yá torque wrench mi láti oṣù kẹta tí kò dá a padà! Ẹ̀rọ tó mọ́ tónítóní, tí mo kùn ní búlúù àti funfun, tí mo ra propeller tuntun fún. Sátidé tó ń bọ̀, mo ti ṣèlérí fún ẹnì kan pé màá gbé e fò. Ṣé kí n pe ọlọ́pàá ni, àbí kí n kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀?

Ìyá Wúrà: Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá. Áńbúrẹ́là lẹ ròyìn, ẹ ò ròyìn ẹ̀rọ. Kí ni ẹ̀gbọ́n rí? Ẹlẹ́ni kan ni àbí ẹlẹ́ni méjì? Báwo ni propeller àtijọ́ ṣe gùn tó, tuntun ńkọ́?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ohun yòówù kó rí, kọ́kọ́rọ́ olówó kì í ṣe ohun àmúsápò. Ẹ lọ gbà á.

Alákòóso: Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ má da epo síná.

Àkànbí: Ẹlẹ́ni méjì ni, ẹ́ńjìnnì Subaru. Èmi kọ́ ni mo tò ó, mo rà á ni. Wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ọdún yìí ní oṣù kejì. Propeller àtijọ́ jẹ́ 60 ínǹṣì, tuntun jẹ́ 68. Mo gbé ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀ ní oṣù karùn-ún kó má baà gbá keel, irin gígùn abẹ́ ẹ̀rọ tó lọ sí ìrù. Èébú ni mo bá wá síbí o, kì í ṣe propeller.

Mẹkáníìkì Arlington: "Díẹ̀" yẹn gan-an lẹjọ́ wà. Láti 60 sí 68, ẹnu propeller fi 4 ínǹṣì sún mọ́ keel, nítorí náà 4 ínǹṣì lẹ gbé e sókè, ó kéré tán.

Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń yí rotor gyro lójú òfuurufú, atẹ́gùn tó ń ti abẹ́ rẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá sókè ló ń yí i. Propeller ẹ̀yìn ló ń tì wá síwájú. Bí ìlà tí propeller fi ń tì bá gba òkè ojú ìwúwo ẹ̀rọ (ibi tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ ti dọ́gba), gbogbo ìgbà ló ń fẹ́ tẹ imú wálẹ̀. Rotor tó ń gbé ẹrù ló ń dá a dúró. Ẹ wá ti stick (igi ọwọ́ tí ẹ fi ń darí) síwájú lójijì, tàbí kí atẹ́gùn já yín sílẹ̀: ẹrù kúrò lórí rotor, kò sóhun tó ń dá propeller dúró mọ́. Imú á dojú kodò kí ọwọ́ tó mọ̀, rotor á falẹ̀, apá rẹ̀ á gé ìrù. Ẹnikẹ́ni kì í tún un ṣe lókè. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ìwádìí Yunifásítì Glasgow, mú 2 ínǹṣì ní òdiwọ̀n láàárín ìlà yẹn àti ojú ìwúwo.

Ẹ lè ní ojú ìwúwo náà gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì àti gíà bá jẹ́ 200 pọ́n-ùn nínú 1,000, ínǹṣì 0.8 péré ló fi gòkè. 3.2 ló ṣẹ́kù, ó sì ju 2 ínǹṣì yẹn lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ìyẹ́ tó dùbúlẹ̀ ní ìrù ni nǹkan. Bó bá fẹ̀, tó sì wà nínú atẹ́gùn propeller, ìlà tó ga ò lè ṣe nǹkan.

Mẹkáníìkì Arlington: Ó ń dín mímì kù lóòótọ́, ó sì ń gba ẹni tí ń fi stick ṣe síwá sẹ́yìn lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí propeller ń tì kò yí padà. Méjèèjì la nílò.

Ìyá Wúrà: Bọ̀dá Àkànbí, ṣé ìyẹ́ náà wà lára tiyín?

Àkànbí: Ó wà tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn propeller tuntun ń gbọ̀n ọ́n, mo bá yọ ọ́ ní oṣù kẹfà. Kò sóhun tó ṣe mí láti ìgbà náà. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí mo ń sáré gbéra, rotor fi etí kan rudder (ìyẹ́ tó dúró ní ìrù), àmì bí èékánná lásán ni, mo ti kùn ún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo fẹ́ gbé fò ò sì wúwo, ọmọ ọdún 14 ni.

Ìyá Wúrà: Háà! Ọmọ ọlọ́mọ! Ẹ pe ìyá rẹ̀ lónìí yìí.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Kí ẹ̀gbọ́n ju kọ́kọ́rọ́ náà sí kànga.

Mẹkáníìkì Arlington: Kí ẹ̀rọ yẹn má tún kúrò nílẹ̀. Apá rotor tó ti kan nǹkan, ẹ tú u: apá méjèèjì, irin àárín tó so wọ́n pọ̀, teeter bolt (bóòtù tí rotor fi ń fì), bẹ́ríìnì orí rotor, ọ̀pá ìdarí gbogbo. Ẹ tètè ṣí throttle (ohun tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára) nígbà tí rotor ò tíì yí tó ni. Apá tó ń sá fún atẹ́gùn kì í rí atẹ́gùn tó, á máa fì sókè sódò. Ẹ fa stick sẹ́yìn, ẹ fi prerotator (ohun tó ń yí rotor kí ẹ tó sáré) yí rotor dé iye tí ìwé ẹ̀rọ yín kọ, kí throttle máa wọlé díẹ̀díẹ̀ bí rotor ṣe ń yára. Bí stick bá ń kanlẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ tì í síwájú, ẹ pa throttle.

Àyẹ̀wò oṣù kejì ò ka iṣẹ́ oṣù karùn-ún. Àyípadà ńlá ni. Ẹ wo ìwé ìdiwọ̀n tó bá ẹ̀rọ wá: ẹ gbọ́dọ̀ fi tó FAA (àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà) létí, kí ẹ dá nìkan fò ó fún wákàtí 5 ó kéré tán, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn yín.

Àkànbí: Ó yẹ kó pè mí sí kọ̀rọ̀ ṣáá ni.

Mẹkáníìkì Arlington: Ó yẹ. Ẹ bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fò, ẹ fi ẹ̀rọ kọ́ igi àjà tó lágbára, kí táyà ga níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú epo. Ẹ fi okùn plọ́ńbù bíi ti bíríkìlà ju ìlà sílẹ̀ láti ibi tí ẹ fi kọ́ ọ, ẹ yà á ní fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ tún fi ibòmíràn kọ́ ọ, ẹ ju ìlà kejì. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ojú ìwúwo. Ẹ wọ̀n ọ́n sí àárín propeller. Ẹ ṣe é pẹ̀lú èrò àti láìsí èrò.

Àkànbí: Mo ti lọ sí háńgà. Mo fọ ọ̀dà kúrò, mo rí ìlà tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù kejì níbi tí apá ti so mọ́ irin àárín. Ṣé mo lè fi sandpaper nù ún?

Mẹkáníìkì Arlington: Rárá! Sandpaper á dí ẹnu rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ fi dye penetrant pupa (omi aláwọ̀ tó ń wọnú ibi tó là) sí i, ẹ jẹ́ kó jókòó bí agolo ṣe kọ ọ́, ẹ nù ún, ẹ fín developer funfun tó ń fa omi náà jáde. Bí ìlà pupa bá yọ padà, apá méjèèjì lẹ máa pààrọ̀, torí méjì-méjì ni wọ́n ń wọ̀n wọ́n bára mu.