Ìdáhùn: "Ọyún-ẹ̀jẹ̀" kò gún o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí a máa pe sepsis ìkókó (àìsàn líle tó ń mú ọmọ tuntun bí kòkòrò àrùn bá wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀) ní "ọyún-ẹ̀jẹ̀", kí a sì tẹ̀ ẹ́ sára pátákó ilé ìgbẹ̀bí. Kí àgbà má bínú, n kò gbà.

Àmì ìsàlẹ̀ nìkan ló ya ọyún sọ́tọ̀ lára oyún. Àmì ohùn wọn ò yàtọ̀ rárá. Àwọn tó ń tẹ pátákó kì í fi àmì sí nǹkan kan. "Oyun eje" ni yóò jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí!

Èyí tó burú jù: ọyún dà? Kòkòrò àrùn ló wọ ẹ̀jẹ̀. Ìdodo lè gbẹ, awọ lè jọ̀lọ̀, kí ọmọ sì máa kú lọ. Ìyá tí ẹ ní kó ṣọ́ ọyún, ìdodo ni yóò tẹjú mọ́. Ohun tó yẹ kó ṣọ́ rèé: ọmọ ò fa ọmú dáadáa mọ́; kì í mira àfi tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án; àyà ń wọnú gan-an bó bá ń mí; giri; ara tó gbóná dé 38°C tàbí tó tutù tí kò tó 35.5°C. Ti ìgbẹ̀yìn yìí ni èdè wa ti ń dẹ páńpẹ́ fún wa, nítorí "ara rẹ̀ ti tutù" ìròyìn ayọ̀ ni lẹ́nu Yorùbá. Ẹ kọ "ara rẹ̀ tutù nini".

Mímí ńkọ́? Kí ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí wọ́n ka ìṣẹ́jú kan gbáko. Bó bá pé 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tún un kà, torí mímí ìkókó kì í dọ́gba. Bó bá tún pé bẹ́ẹ̀, tí àmì mìíràn ò sì sí, ọmọ ọjọ́ 7 sí 59 lè gba amoxicillin onímímu, oògùn apakòkòrò, nílé, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2015 nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 7, ilé ìwòsàn. Àmì yòókù náà, ilé ìwòsàn. Bí ẹbí ò bá rọ́nà lọ, abẹ́rẹ́ gentamicin lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ pẹ̀lú amoxicillin. Ṣùgbọ́n èyí tí giri mú, tí kò lè mu ọmú rárá, tàbí tí kò mira mọ́, ilé ìwòsàn ni dandan, ẹ má dúnàá dúrà. Orúkọ kan ṣoṣo wá bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀?

Ẹlòmíràn tún ní "giri" ni àwọn àgbà ń pe àìsàn yìí. Rárá o: giri wọn, ti ọmọ tó ti ń rákòrò tí ara rẹ̀ gbóná ni. Ti ìkókó lè má ju ojú tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ, tàbí ẹsẹ̀ tó ń ṣe bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́. Àgbo tí wọ́n bá rọ fún un, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóóró lọ.

Nínú ìwé nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kó jẹ́ "kòkòrò-inú-ẹ̀jẹ̀". Lára pátákó, àmì wọ̀nyẹn nìkan. Ẹ má sì gbé "àkóràn" wá o; àrùn tó ń ràn ni aládùúgbò yóò gbọ́, wọn ò ní í bá ìyá ọmọ wá ọkọ̀.