Pheromone: òórùn ìfẹ́ kọ́, àrokò ni

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Orúkọ Yorùbá mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ báyìí fún pheromone, ìyẹn òórùn tí kòkòrò tàbí ẹranko ń tú jáde láti fi ránṣẹ́ sí irú rẹ̀: "òórùn ìfẹ́", "họ́mọ̀nù ìta ara", àti "fẹ́rómóònù" tí a kàn fi ohùn Yorùbá pè. Mi ò lè fara mọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ò burú, àmọ́ kò ní sọ nǹkan kan létí ọmọ tó ń kàwé.

Mo mọ ibi tí "òórùn ìfẹ́" ti wá. Ti àfòpiná oníṣẹ́dà ni wọ́n kọ́kọ́ tú wò. Adolf Butenandt àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì lo bí ogún ọdún lórí rẹ̀, wọ́n sì lo abo àfòpiná tó tó 500,000, kí wọ́n tó kéde bombykol, òórùn abo náà, ní 1959. Òun ni abo fi ń pe akọ, ìfẹ́ sì ni lóòótọ́. Ibẹ̀ náà ló mọ.

Ẹ wá wo igbó páìnì Kalifọ́níà. Kòkòrò kan wà níbẹ̀, Ips paraconfusus, tí kò gùn tó hóró ìrẹsì, abẹ́ èèpo igi ló ń gbé. Akọ ló ń kọ́kọ́ dá igi lu. Bó bá ti ń jẹ ibẹ̀, òórùn á máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, àtakọ àtabo yòókù á sì ya bo igi náà. Bí igi bá lágbára, oje rẹ̀ lè rì àwọn tó kọ́kọ́ dé mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ pọ̀. Ìpè ogun mà nìyẹn! Ìfẹ́ kàn bá a rìn ni.

Ní 1966, Robert Silverstein tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì, David Wood tó jẹ́ onímọ̀ kòkòrò, àti ẹnì kejì Silverstein, Rodin, fi hàn pé nǹkan mẹ́ta ló wà nínú òórùn yìí: ipsenol, ipsdienol àti cis-verbenol. Kò sí èyí tó lè dá iṣẹ́ náà ṣe nínú igbó. Àfi kí wọ́n pé.

Ibẹ̀ ni àrokò ti sọ sí mi lọ́kàn. Owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ: ọ̀rọ̀ wa jọra. Ẹyọ kan ṣoṣo, ìyẹn ti di àbùkù. Bí iye bá ti yí padà, iṣẹ́ tí a rán ti yí padà. Nítorí náà, mo dábàá "àrokò olóòórùn".

Ní ti "họ́mọ̀nù ìta ara", àwọn onímọ̀ ti gbé e wọ̀ rí, wọ́n sì ti bọ́ ọ sílẹ̀. "Ectohormone" ni Bethe pè é ní 1932. Nígbà tó di 1959, Karlson àti Lüscher ní inú ara ẹni ni họ́mọ̀nù ti ń ṣiṣẹ́, báwo ló ṣe wá di tìta? Wọ́n fi èdè Gíríìkì hun pheromone: kí á gbé nǹkan lọ, kí á sì ru ẹlòmíràn sókè.

Ẹnì kan ti bi mí pé ṣé kòkòrò ń pète ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ sọ ló ń di àrokò? Ìbéèrè gidi ni. Èsì mi ni pé ẹni tó gba àrokò ló ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀, bí kò bá yé e, owó ẹyọ lásán ni. Òórùn náà ò ní ìtumọ̀ níwájú kòkòrò tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀.

Àfi àwọn olófòófó o. Kòkòrò apẹran kan, Enoclerus lecontei, máa ń tẹ̀lé òórùn Ips yìí gan-an láti wá pa á jẹ. Kairomone ni wọ́n ń pe irú èyí. Mo ní kí a pè é ní "òórùn òfófó".

Èyí tó ń léni sẹ́yìn tún wà. Igi Douglas-fir ní kòkòrò tirẹ̀, òun náà sì ní òórùn tó ń sọ pé "igi yìí ti kún". MCH lorúkọ rẹ̀, àwọn olùtọ́jú igbó ní Amẹ́ríkà ń so ó mọ́ igi kí kòkòrò lè kọjá lọ. Ta ni yóò pe ìyẹn ní òórùn ìfẹ́? "Àrokò ìpè" àti "àrokò ìlénisẹ́yìn" yóò gba àwọn méjèèjì.

Ti oyin ni mi ò tíì fọwọ́ sí. Bí ọ̀kan bá ta èèyàn, òórùn tó jáde níbi ìtani á pe àwọn yòókù wá. "Àrokò ìdágìrì" wúwo lẹ́nu. Àwọn tó ń fa oyin lè ti ní orúkọ fún un tipẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n, kó bá wa bi wọ́n.