Eruku ọyẹ́ lára ọkọ̀: báwo lẹ ṣe ń mú un kúrò tí ọ̀dà ò fi ní í ha?

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ọyẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọ̀dà ọkọ̀, torí ó ń dùn mí gan-an. Ọkọ̀ mi dúdú ni, ọkọ̀ dúdú kì í sì í bo àléébù mọ́lẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń bá mi fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, àkísà gbígbẹ ni ọmọkùnrin ibẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fi nu eruku ara ẹ̀ kó tó da omi sí i. Ó ní tí omi bá kọ́kọ́ kan eruku, ẹrẹ̀ ló máa dà.

Mo lọ síbi ìnáwó kan lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan, inú oòrùn ni mo gbé ọkọ̀ sí. Bí mo ṣe ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn ni mo rí bọ́nẹ́ẹ̀tì: ìlà tín-ín-rín, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n yí ibi tí oòrùn ti ń kọ mànà po. Mo fi èékánná tọ́ ọ wò, èékánná ò kọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú ń rí i kedere. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí ibòji, ẹ ò ní rí i rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é lọ láìbìkítà.

Mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Báyìí, omi ló ń ṣe iṣẹ́ tí àkísà ń ṣe. Màá gbé ọkọ̀ síbi tí oòrùn ò dé, màá dúró kí ara irin ẹ̀ tutù, màá wá so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ omi, kí omi máa ṣàn láti orí ọkọ̀ wá sílẹ̀ títí èyí tó ń kán nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn á fi mọ́. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án o. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọṣẹ. Korobá méjì ni mò ń lò: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán. Tí mo bá ti fi aṣọ onírun múlọ́múlọ́ fọ apá kan, inú omi lásán ni màá kọ́kọ́ ti ṣan aṣọ náà kí n tó tún kì í bọ ọṣẹ. Òkè ni mo ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn àti ibi táyà ló ń gbẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni iyanrìn pọ̀ sí jù. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó rọra da omi lásán yẹn nù tó bá ṣe tán, kó fi ìka kan ìdí korobá. Iyanrìn lẹ máa bá níbẹ̀, ó ń dún kìrìkìrì lábẹ́ ìka. Ká ní korobá kan ni, ara ọkọ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa padà sí.

Láti Ṣágámù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e jáde. Tiwa níbí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ni Ṣágámù, tírélà tó ń kó o kì í sì í dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà. Eruku sìmẹ́ńtì kì í ṣe ẹgbẹ́ eruku ọyẹ́ rárá. Tí ìrì bá fi lè sẹ̀ sí i lóru, ó máa gan mọ́ ọkọ̀ ni. Mẹkáníìkì kan fi abẹ họ ọ́ lára ọkọ̀ bàbá mi. Ó họ sìmẹ́ńtì, ó sì họ ọ̀dà mọ́ ọn. Ohun tó bá wa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà ni fínígà tí a bomi là. A rẹ aṣọ sínú ẹ̀, a tẹ́ ẹ lé ibẹ̀, nígbà tó rọ̀, a fi omi púpọ̀ ṣàn án. Èyí tó dáa jù ni kéèyàn ti ṣan ọkọ̀ nírọ̀lẹ́ kí ìrì tó sẹ̀. Omi púpọ̀ o, kì í ṣe kẹ́ ẹ wọ́n ọn.

Láti Ìlíṣàn

Iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Àwọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn kọ́ lẹ̀ ń fọwọ́ kàn. Kílíà, ìyẹn ọ̀dà tí kò láwọ̀, ló wà lórí ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó máa dán, kò sì nípọn tó ìwé tí ọmọ iléèwé fi ń kọ̀wé. Láti apá aṣálẹ̀ ni eruku ọyẹ́ ti ń wá, púpọ̀ ẹ̀ láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Iyanrìn kíkúnná wà nínú ẹ̀, iyanrìn yẹn sì le ju irin ọ̀bẹ lọ. Èmi tí mò ń fi sáńpépà ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́: àkísà gbígbẹ lórí eruku yẹn ò yàtọ̀ sí sáńpépà.

Àwọn oníbàárà á ní kí n bá àwọn fi pọ́líìṣì sí i. Màá ṣe é, ìlà yẹn á sì lọ. Ṣùgbọ́n kílíà ni mo bó dànù kí ìlà tó lọ, kò sì pọ̀ tó ohun tí a óò máa bó lọ́dọọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ọkọ̀ yín. Ẹ yéé fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, ó ń ṣí wáàsì, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà lára, kúrò lára ẹ̀. Wáípà náà ńkọ́? Ẹ má tàn án lórí gíláàsì tó gbẹ, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀.

Láti Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ má gbàgbé igi máńgòrò o. Abẹ́ ẹ̀ ni ibòji wà nílé wa, ibẹ̀ ni gbogbo ará ilé ń gbé ọkọ̀ sí. Tó bá ti ń tanná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òdòdó pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ á bo gíláàsì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ lásán ni ọkọ mi fẹ́ máa fi gbá a. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Aṣọ tó rin fún omi ni mo ń tẹ́ lé e, màá wọlé lọ dáná, tí n bá fi máa padà dé, ó ti rọ̀, omi á gbé e lọ.

Bọ̀dá tó ń kun ọkọ̀, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ tapólì. Aládùúgbò wa máa ń fi bo ọkọ̀ tí kò fọ̀, atẹ́gùn ọyẹ́ á máa gbọ̀n ọ́n lórí eruku láti àárọ̀ dalẹ́. Mo bá a sọ ọ́, ó ní ààbò ni. Kó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kó gbẹ kó tó bò ó. Tí kò bá ráyè fọ̀ ọ́, kó ṣí i sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.