Wọn ò fún mi nílẹ̀ bàbá mi torí mo ní mi ò wọ igbó Orò mọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Rẹ́mọ: Ẹ káàlẹ́ ẹ̀yin ará. Ìdílé wa ní Rẹ́mọ wà lára àwọn tó ń ṣètò Orò ìlú, bàbá mi wà níbẹ̀ títí wọ́n fi papòdà. Wọ́n ní kí n gba ipò wọn, mo ní rárá, mo ti gba Jésù. Látìgbà yẹn wọn ò pè mí sípàdé ẹbí mọ́, wọ́n pín ilẹ̀ wọn ò fún mi ní plọ́ọ̀tì kan, wọ́n ní kí n lọ gba ti Jésù. Àbúrò bàbá mi tó ń darí gbogbo ẹ̀, òun náà ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn o! Ìyàwó mi ní ká fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé wọn lọ kọ́ọ̀tù. Èwo ni kí n ṣe?

Sister B: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Mátíù 5:44, ẹ gbàdúrà fún wọn. Ọlọ́run á pèsè.

Lọ́ọ́yà Ìjẹ̀bú: Àdúrà dáa, àmọ́ ta ló ní ẹni tó ń gbàdúrà ò lè sọ̀rọ̀? Nígbà tí wọ́n na Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní gbangba ní Fílípì tí wọ́n wá ní kí wọ́n máa yọ́ lọ, Pọ́ọ̀lù yarí, ó ní ará Róòmù làwọn, kí àwọn ọ̀gá yẹn fúnra wọn wá mú àwọn jáde (Ìṣe 16:37). Nígbà tó yá ó tún gbé ẹjọ́ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Késárì. Òun kan náà ló kọ Róòmù 12 pé ká má gbẹ̀san. Òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 38, fún yín láyè láti yí ẹ̀sìn padà. Ọmọ bàbá yín lẹ jẹ́, igbó Orò kọ́ ló bí yín. Àmọ́ a kì í ti kọ́ọ̀tù dé ká ṣọ̀rẹ́, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn àgbà lọ bá olórí ẹbí.

Ìyá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde: Ọmọ mi, kí lo sọ lọ́jọ́ yẹn gan-an? Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé wọ́n á dúró lójú àgbà wọ́n á ní èṣù ni bàbá wọn ń bọ, tí wọ́n bá wá lé wọn wọ́n á ní inúnibíni ni. Pétérù ní ká má jìyà bí ẹni tó ń tojú bọ ọ̀ràn ẹlòmíràn (1 Pétérù 4:15). Àwa Ìjẹ̀bú náà, kí òyìnbó tó ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, a ò gba míṣọ́nnárì láyè, wo bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe pọ̀ lónìí, ilé Agẹmọ ilé Orò náà ni ọ̀pọ̀ wa ti jáde. Tí wọ́n bá ń dá owó ìsìnkú, dá tìẹ. Tí àgbà bá ń ṣàìsàn, lọ kí i. Owó ètùtù nìkan ni kó o má dá. Ti bọ̀ọ̀dá oní-oúnjẹ-alẹ́ yẹn, hmm, wọ́n pọ̀ jàre.

Ọmọ Rẹ́mọ: Ẹ ṣé mà. Mi ò bú Orò o, mo dọ̀bálẹ̀ ni mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fẹlòmíì sí i. Owó ìsìnkú náà, mo dá a. Lọ́ọ́yà, tí olórí ẹbí ò bá dá wa lóhùn ńkọ́?

Lọ́ọ́yà Ìjẹ̀bú: Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ náà, ẹ má dúró mọ́, ẹ wá lọ́ọ́yà lọ́jọ́ yẹn gan-an.