Òṣìṣẹ́ ta bíà fún ọmọ tí kánsù rán wá: kí la máa ṣe?

Ìyá Ìbejì, London
Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ará wa. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí till ní ṣọ́ọ̀bù wa ta bíà agolo mẹ́rin fún ọmọ ọdún 16 tí Trading Standards, ẹ̀ka kánsù tó ń ṣọ́ bí a ṣe ń tajà, rán wá. Wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì £90 fún òṣìṣẹ́ náà. Lẹ́tà kánsù ti dé báyìí, wọ́n ń béèrè ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ àti ìwé tí a ń kọ àwọn tí a kò tà fún sí. Ṣé láísẹ́ńsì wa ti wọ gàù? Ṣé ó tọ́ kí wọ́n fi ọmọdé dẹ páńpẹ́ síni? Ọmọ mi ọdún 17 náà máa ń bá wa dúró nídìí till lọ́jọ́ Sátidé o.

Bàbá Láísẹ́ńsì
Màmá, ẹ fi ọ̀rọ̀ páńpẹ́ sílẹ̀. Òfin ọtí títà ti ọdún 2003 ní England àti Wales gba ọlọ́pàá àti Trading Standards láyè láti rán ọmọdé wá rà á wò, ọmọ náà kò sì jẹ̀bi. Ní ti £90, ọjọ́ 21 ni òṣìṣẹ́ ní láti san án tàbí kó ní kóòtù ni òun ń lọ. Bí kò bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, ó di £135.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ṣọ́ọ̀bù kan náà bá tún tà fún ọmọdé láàárín oṣù mẹ́ta, ẹni tó ni láísẹ́ńsì ni ẹ̀sùn náà máa já lé lórí, ì báà wà ní Nàìjíríà lọ́jọ́ náà. Owó ìtanràn rẹ̀ kò níye, kóòtù sì lè dá láísẹ́ńsì dúró fún ìgbà tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kí ẹ gbà láti dáwọ́ ọtí títà dúró fún wákàtí 48 sí 336, kí wọ́n má bàa gbé yín lọ sí kóòtù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wákàtí 336. Ẹ ṣírò ohun tó máa ná yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Àǹtí Woolwich
Ìwé tí wọ́n béèrè yẹn gan-an ni ẹjọ́ náà. Òfin gbà kí ẹ wí pé òṣìṣẹ́ ló ṣe é, pé ẹ̀yin ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó má bàa ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò gbè é.

Nínú ìwé "a ò tà": déètì, aago, ohun tó fẹ́ rà, bí ó ṣe rí, ìdí tí ẹ kò fi tà á, orúkọ òṣìṣẹ́. Kí ọ̀gá máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́, ìwé sì ṣófo fún oṣù mẹ́ta. Ta ló máa gbà á gbọ́? Tàbí kó jẹ́ bírò kan, ọwọ́ ìkọ̀wé kan, láti January dé June. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó lálẹ́ yìí kí ẹ máa kọ tuntun. Ìyẹn burú ju kí ìwé má sí lọ.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó béèrè ID gan-an ṣì ń tà á, torí èrò tò, wọ́n ṣi ọdún ṣírò. Láràárọ̀, ẹ lẹ déètì ìbí ẹni tó pé 18 lọ́jọ́ náà mọ́ ara till. ID tó dára gbọ́dọ̀ ní fọ́tò, déètì ìbí, àti àmì hologram tàbí èyí tó ń hàn lábẹ́ iná UV. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dára, àwòrán rẹ̀ lórí fóònù kò dára.

Ní ti Challenge 25, ìyẹn kí ẹ béèrè ID lọ́wọ́ ẹni tó bá jọ pé kò tíì pé ọdún 25, òfin ni ní Scotland. Ní England, ẹ ka àwọn májẹ̀mú láísẹ́ńsì yín. Bó bá wà níbẹ̀ tí ẹ kò tẹ̀ lé e, ẹ̀sùn mìíràn nìyẹn lọ́tọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ mú ọmọ ọdún 17 yẹn kúrò nídìí ọtí. Àgbàlagbà tí ẹ yàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ọtí kọ̀ọ̀kan kí ó tó tà á. "Máa tà á lọ, mo wà lókè" kò tó. Gàrí àti ẹ̀wà, kó máa tà á.

Àwọn oníbàárà wa náà ńkọ́? Nílé, ta ni bàbá kò rán lọ ra ọtí rí? Níbí, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ rán ọmọ jẹ̀bi, ẹni tó tà á fún ọmọ náà jẹ̀bi. Bí ọmọ bá ní "Dádì ló rán mi, ẹ pè é", ẹ má pè é. Kí Dádì wá fúnra rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, London
Ẹ ṣé gan-an. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbé láísẹ́ńsì yẹ̀ wò ńkọ́?

Bàbá Láísẹ́ńsì
Ọjọ́ 28 wà fún ẹnikẹ́ni láti kọ̀wé sí i, títí kan àwọn oníbàárà tó fẹ́ gbè yín lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́jọ́ ní kánsù: wọ́n lè fi májẹ̀mú kún un, yọ DPS (ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí láísẹ́ńsì pé òun ló ń bójú tó ọtí títà), dá láísẹ́ńsì dúró fún ìgbà tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, tàbí gbà á pátápátá. Ẹ má dúró kí wọ́n gbé májẹ̀mú ka iwájú yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e wá: till tó ń béèrè ọjọ́ orí kí ó tó gba owó ọtí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà pẹ̀lú déètì àti ìbuwọ́lùwé. Bí ẹ bá pàdánù, ọjọ́ 21 lẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kóòtù májísíréètì, ẹ sì lè máa tà títí wọ́n á fi parí rẹ̀.